Àpótí Ìyá Àgbà: àkọsílẹ̀ ìbora alájàákù kan

Àpótí páànù náà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi láti ọdún tí Ìyá Àgbà ti lọ. Òjò kan ló wọ yàrá wọn ní Ìbàdàn, la fi fà á jáde tí a sì ṣí i. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ síta. Aṣọ ló tẹ̀ lé e: ìró àdìrẹ méje, bùbá mẹ́ta tí abíyá wọn ti ya, etù kan (aṣọ òkè aláró dúdú) tí eku ti bá ṣeré létí, kàm̀pálà, àti ańkárá wẹ́wẹ́ tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ańkárá yẹn, èyí tí télọ̀ gé kù ni. Ìyá Àgbà kì í fi àjákù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

Màmá ní ká kó èyí tó gbó fún ẹni tó ń bá wa nulẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. Ìbora ni mo fẹ́ fi wọ́n rán, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní kúìlìtì. Ìpele mẹ́ta ni: òkè rẹ̀ jẹ́ àjákù tí a rán pọ̀, àárín rẹ̀ ni ohun tó ń múni móoru, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má baà máa yọ̀ kúrò lára ara wọn. Bẹ́ẹ̀dì Màmá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ sí mẹ́fà. Mo fojú sun íǹṣì 72 sí 84, kó lè wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ kìíní: èyí tí a kò ní gé

Mo pín aṣọ sí òkìtì mẹ́ta lórí ilẹ̀ pálọ̀. Òkìtì àkọ́kọ́ ni èyí tó ṣì pé. Olóba kan wà níbẹ̀, àdìrẹ tí wọ́n yàwòrán ọba àti ayaba sí láàárín. Ọdún 1935 ni Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí oyè, àwọn aláró wa sì gbé ọ̀rọ̀ náà sórí aṣọ.

"Èyí ńkọ́?" Màmá fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. "Ó ti ṣá."

"Màmá, èyí ò ní fojú kan sísọ́ọ̀sì."

Ohun tó bá ṣì pé, mi ò gé e. Mo ti rí àwọn tó ń gé ògidì àdìrẹ àtijọ́ nítorí àpò ìfàlọ́wọ́ méjì, ó sì máa ń dùn mí wọra. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò ní tètè mú sísọ́ọ̀sì.

Òkìtì kejì ni èyí tó ti ya ṣùgbọ́n tí ibi kan lára rẹ̀ ṣì le: Ìbàdàndùn méjì (àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ yàwòrán sí), oníko kan (àdìrẹ tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́), bùbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etù, kàm̀pálà. Òkìtì kẹta ni èyí tó ti kú. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ aṣọ, màá rọra fà á sọ́tùn-ún sósì. Tó bá là láìdún, ó ti parí nìyẹn. Èyí tó kú ni mo kó fún ẹni tó ń nulẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ Màmá náà ṣẹ.

Ohun kan tí mi ò ronú kàn tẹ́lẹ̀ rèé. Ìró àdìrẹ kì í ṣe aṣọ kan. Yáàdì méjì àbọ̀ lọ́nà méjì ni, tí wọ́n rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó fẹ̀. Nígbà tí mo tú ojú ìrán àárín yẹn, aró tó wà nínú ìṣẹ́po rẹ̀ dúdú bí ọjọ́ tó jáde nínú ìkòkò. Oòrùn kò débẹ̀ rí. Lára aṣọ kan náà ni mo ti rí dúdú yẹn, ojú aṣọ tó ti ṣá díẹ̀, àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀ gan-an sí ojú rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ tó ń dènà aró sí. Aró á gba ẹ̀yìn wọlé, iṣẹ́ ọnà ojú rẹ̀ á wá jẹ́ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í funfun báláú, ẹ̀yìn á sì dúdú, àfi bí òjìji iṣẹ́ ọnà náà níbẹ̀. Bí àdìrẹ kò bá tó ọ, yí i padà, o ti ní òmíràn.

Ìyẹn náà ni mo fi ń dá ti ẹ̀rọ mọ̀ tí mo bá dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Mo máa ń yí i padà. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rí ràkọ̀ràkọ̀ bíi pé àwọ̀ kò débẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin: omi búlúù

Lọ́dún tó kọjá, mo rán àpò ìrọ̀rí kan, àdìrẹ àti aṣọ funfun. Ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, funfun yẹn di àwọ̀ ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò. Torí náà lọ́tẹ̀ yìí, kò sí aṣọ aláwọ̀ tó kan maṣíìnì láìtíì wẹ̀.

Omi àkọ́kọ́ dà bí íǹkì, èkejì kò yàtọ̀ sí i, ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Omi mẹ́fà ni Ìbàdàndùn gbà kí n tó rí ìdí báàfù. Kàm̀pálà gba méjì péré.

Ẹ ó gbọ́ pé iyọ̀ tàbí vinegar máa ń di aró mú. Mo ti lo méjèèjì, wọn ò di nǹkan kan mú. Ẹ wo bí aró èlú ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ìkòkò, omi rẹ̀ kì í búlúù, ó máa ń fà sí àwọ̀ ewé. Tí aṣọ bá jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ìgbà yẹn ló ń yí padà lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, àwọ̀ á máa gorí àwọ̀ títí yóò fi dúdú. Nígbà tó bá ti di búlúù, omi lásán kò lè yọ́ ọ mọ́. Ó kàn jókòó sára òwú ni. Èyí tó jókòó dáadáa kò ní lọ, èyí tó kàn fara tì í ló ń bá omi lọ tàbí tó ń ra mọ́ ohun tó bá fara kàn án. Iyọ̀ kankan kò lè sọ fún un pé kó dúró. Omi púpọ̀, ọṣẹ díẹ̀, òjìji láti sá a sí: gbogbo oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹfà: ṣàààrà

Télọ̀ tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gé aṣọ òwú tó bá fẹ́ kó tọ́. Yíya ló ń ya á. Sísọ́ọ̀sì máa ń tẹ̀ lé ojú rẹ, ojú rẹ sì lè purọ́. Tí o bá ya aṣọ, fọ́nrán òwú kan ṣoṣo ló máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ tí a kò gé tọ́ á máa fà bí rọ́bà nígbà tí o bá ń rán an, òkè ìbora á sì wú níhìn-ín, á rì lọ́hùn-ún.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i ní íǹṣì mẹ́rin àbọ̀, mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì là á wọlé bí ìbú èékánná kan, mo di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, mo fà á. Ṣàààrà! Kí ariwo rẹ̀ tó rọlẹ̀, Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí lò ń ya?"

"Ìró tó ti ya tẹ́lẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo ya èkejì. Lẹ́yìn ìkẹta, wọ́n fa àga mọ́ra, wọ́n jókòó, wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Fún mi ní etí kan. O ń ya á bí ẹni tó ń jà." Báyìí la ṣe ya ìyókù, èmi níbìí, àwọn lọ́hùn-ún. Bí a ṣe ń ya á ni wọ́n ń sọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti lọ òde: èyí lọ sí ìsọmọlórúkọ mi, èyí lọ sí ọjà Dùgbẹ̀ tí Ìyá Àgbà fi gbé epo sórí, ẹ wo àbàwọ́n rẹ̀. Àbàwọ́n epo yẹn wà nínú ìbora. Ìlà karùn-ún, lápá ẹsẹ̀.

Etí tí a ya máa ń ká, fọ́nrán bíi mẹ́rin márùn-ún á sì yọ. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Iná kò sí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo lò, tí mo kọ́kọ́ ń fi tẹ àkísà kí eérú má baà kan aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì: mo fi igun mẹ́rin sílẹ̀

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí n gé gbogbo rẹ̀ ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, kí n máa to dúdú ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí mo ṣe ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rán 24. Mo gbé e kọ́ ara ògiri, mo jìnnà sí i. Bí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ló rí. Buru jù, igun mẹ́rin yẹn ti gé Ìbàdàndùn lórí: ó bẹ́ àwọn opó gbọ̀ngàn Mápó sí méjì, ó fi ọwọ́ ṣíbí sílẹ̀ láìní orí. Àwọn tó mọ Ìbàdàndùn mọ̀ pé opó gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ parí ní 1929 yẹn, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn, ni ojú àdìrẹ náà gan-an.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Alẹ́ kan gbáko.

Etù ló gbà mí. Ó wà lórí àga, mo ń wò ó láìwò ó, ló bá yé mi pé aṣọ òkè fúnra rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí a rán pọ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ kì í sábà ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ ni ahunṣọ ń hun, tí wọ́n á wá máa rán etí mọ́ etí títí yóò fi fẹ̀ tó ìró. Ta ló wá rán mi sí igun mẹ́rin? Ìlà gígùn láti orí dé ẹsẹ̀ ni kí n ṣe. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, àjákù lè gùn tàbí kó kúrú bó bá ṣe wá. Opó Mápó á dúró lódindi.

Mo ti rí fọ́tò àwọn ìbora tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń rán ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Ṣòkòtò oko tó gbó, ohun tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀, ni wọ́n ń rán pọ̀ kí òtútù má baà mú ọmọ. Ní 2002 ni wọ́n gbé e kọ́ ògiri ilé ọnà ní Houston àti New York. Àwọn kan ní irú ìlà gígùn bẹ́ẹ̀ bá aṣọ híhun ilẹ̀ wa tan, àwọn mìíràn ní àìní ló kọ́ wọn. Mi ò dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé ìlà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́, kò sì ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yéé fi rúlà yọ ara mi lẹ́nu.

Ibòmíràn tí mo ti jí ọgbọ́n ni ẹ̀kú eégún. Obìnrin ni mí, mi ò dé ibi tí wọ́n ti ń rán an. Bí mo bá tilẹ̀ mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mọ ohun tí wọ́n ní obìnrin tó bá mawo kò gbọdọ̀ ṣe. Ohun tí gbogbo ayé ń rí ní ìta gbangba ni mò ń sọ. Bí eégún bá ń yí, tí àwọn abala aṣọ ara rẹ̀ fò, wàá rí i pé ọ̀kan lé ọ̀kan ni, àrán lórí ańkárá, léèsì lórí aṣọ òkè, tuntun lórí ti àtijọ́. Wọn kì í bọ́ ti àtijọ́ kúrò. Etí àwọn abala náà a sì máa rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn, nígbà púpọ̀ ó máa ń pupa.

Nítorí náà, níbi tí àdìrẹ bá ti lu, mi ò gé ihò náà dànù mọ́. Mo gbé ańkárá lé e, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, mo fi ọwọ́ rán an yíká. Ihò mẹ́sàn-án ni mo dí bẹ́ẹ̀. Àwọn ańkárá kéékèèké tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀ sì ríṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: wàhálà etù

Òwú maṣíìnì, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14, ẹ̀la (ààyè tí ojú ìrán máa jẹ) ìdá mẹ́rin íǹṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àdìrẹ rọrùn bí ẹní ń mumi. Etù kò gbọ́. Bí mo bá ti gé ìdí rẹ̀, á máa tú. Bí mo bá sì rán an mọ́ àdìrẹ, ẹsẹ̀ maṣíìnì á máa ti àdìrẹ tó fúyẹ́ síwájú, etù á dúró sẹ́yìn. Ìlà àkọ́kọ́ fi íǹṣì méjì ju ara wọn lọ nígbà tí mo dé ìdí.

Ohun mẹ́ta ló yanjú rẹ̀. Mo fi gum stay (aṣọ ìtìlẹ́yìn tí áyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ aṣọ) lẹ ìdí gbogbo ibi tí mo bá gé, kó má tú. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí nọ́ńbà 16. Mo sì fi àdìrẹ sísàlẹ̀, etù sókè, mo fi píìnì dì í ní gbogbo íǹṣì mẹ́ta. Mi ò ya etù, mi ò sì dín ìbú rẹ̀ kù: ìbú tí ahunṣọ hun ún ni mo lò. Torí ẹ̀la ti jẹ díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìlà etù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jẹ́ íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ níbi tí ìlà 15 yòókù ti jẹ́ mẹ́rin. Gbogbo ìbú náà di 70 àbọ̀ dípò 72. Kò sí ẹni tó máa kà á.

Bí mo ṣe to àwọn ìlà: mo tẹ́ gbogbo wọn sórí ilẹ̀, mo ya fọ́tò wọn, mo sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun lórí fóònù. Ibi tó bá ṣú jọ pọ̀ jù á hàn kíá. Ìlà etù kan kúrò lápá òsì nítorí èyí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ìpele mẹ́ta

Fún àárín, mi ò wá ohun olówó kiri. Kúbùsù òwú àtijọ́ kan wà nílé tó ti fẹ́lẹ́, tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ àìmọye ìgbà. Kò lè sún kì mọ́. Nínú ooru ilẹ̀ yìí, ohun tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí àga ni yóò máa sùn. Fún ẹ̀yìn, mo ra aṣọ òwú funfun yáàdì márùn-ún, mo rán an pọ̀ kó tó fẹ̀.

Mo tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, mo fi sẹ́lótéèpù fà á le, mo tẹ́ kúbùsù lé e, mo tẹ́ òkè lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi píìnì dì í láti etí kan lọ sí èkejì. Àṣìṣe nìyẹn. Gbogbo ìṣù afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo tì lọ sí etí kejì, nígbà tí mo sì yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká bí ojú arúgbó. Mo yọ gbogbo píìnì. Àárín ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ síta bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ láti inú yàrá. Ọwọ́ kan ni kí ó máa nà án, èkejì á máa dì í.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún dé ìkẹsàn-án: gígán

Mo lè fi maṣíìnì ṣe é ní ọjọ́ méjì. Ọwọ́ ni mo yàn, nítorí àdìrẹ alábẹ́rẹ́: aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gán kí wọ́n tó rì í sínú aró, tí ipasẹ̀ òwú náà á wá di iṣẹ́ ọnà. Ó wù mí kí abẹ́rẹ́ náà hàn lára tèmi. Òwú funfun tó nípọn ni mo lò, kó yọ lórí dúdú.

Ìlà ìgán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan, òmíràn láàárín ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo fi àárín etù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ méjì ti kán. Ó ku ìlà 32, ìkọ̀ọ̀kan íǹṣì 84. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, yáàdì 74 lé díẹ̀ ni mo fi abẹ́rẹ́ rìn. Bí ìṣẹ́jú 50 ni ìlà kan ń gbà, ìyẹn wákàtí bíi 27. Ìlà àkọ́kọ́ ṣe wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ àkùkọ. Ní nǹkan bí ìlà kẹwàá ni ọwọ́ mi tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìka àárín mi le bí àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tó yá.

Màmá gán ìlà mẹ́rin. Tiwọn ló dára jù, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Etí

Mo fẹ́ fi eyín pupa bíi ti ẹ̀kú yí i ká. Ẹ gé igun mẹ́rin íǹṣì mẹ́ta, ẹ ṣẹ́ ẹ po ní igun sí igun, ẹ tún un ṣẹ́, ó ti di ṣóńṣó. Ẹ wá tẹ ọ̀kan bọ inú èkejì díẹ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba íǹṣì méjì. Mo ṣírò rẹ̀: bíi 155 fún gbogbo etí. Mo fi mọ sí ẹsẹ̀ nìkan. Eyín 35, láti ara bùbá pupa tí abíyá rẹ̀ ya. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta yòókù, kàm̀pálà íǹṣì méjì àbọ̀ tí mo ṣẹ́ po ni mo fi pa á létí.

Fífọ̀

Aṣọ kan ṣoṣo tí mi ò fọ̀ kí n tó rán an ni funfun ẹ̀yìn. Mo rò pé funfun kò ní àwọ̀ tó máa tú. Mo gbàgbé pé ó lè sún kì. Lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, ìbú rẹ̀ bọ́ sí 69, gígùn rẹ̀ di 82, ojú rẹ̀ sì ká wínníwínní láàárín àwọn ìlà ìgán. Ó jọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ohun tí mo sì ń sọ fún àwọn aládùúgbò nìyẹn. Àwọ̀ kò ràn mọ́ ibì kankan, àfi bí èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníko kan tí mo fura pé omi mẹ́rin kò tó o.

Màmá fi bora lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láàárọ̀, wọ́n pè mí wá sí yàrá, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta lábẹ́ ìbora. Gìgísẹ̀ wọn búlúù díẹ̀, níbi tó ti ń ra mọ́ oníko yẹn mọ́jú.

"Ẹ má bínú, Màmá. Màá tún un fọ̀."

Wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún, wọ́n wo àtàǹpàkò náà. "Bí ẹsẹ̀ ìyá mi ṣe máa ń rí nìyí," wọ́n ní, "tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ró ìró tuntun."

Mi ò tíì tún un fọ̀.